Ìgbín Kì í Wọ Ilé Mọ́mì Ṣìmí

Ìgbín kì í wọ ilé Mọ́mì Ṣìmí. Gbogbo ará kílóòsì wọn, àdúgbò kékeré tí wọ́n ń gbé ní Festac l'Ékòó, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí aládùúgbò bá fi àwo ọbẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ ọdún, tí ẹyọ ìgbín kan bá wà nínú rẹ̀, ìyá náà á dá àwo padà pẹ̀lú ọpẹ́, á ní èèwọ̀ ni. Èèwọ̀ ta ni? Bàbá Ṣìmí, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, jẹ ìgbín títí ó fi kú, àmọ́ ìta ló ti ń jẹ ẹ́. Ṣìmí kò bèèrè rí. Ọmọ kan ṣoṣo ni, ohun tí ìyá rẹ̀ bá ní kí wọ́n má jẹ, kò ní jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ ìgbín yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, a óò tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Ọdún 2003 ni Níyìọlá wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù onírun ló sì gbà wọlé. Àǹtí Folúkẹ́ ló ni ṣọ́ọ̀bù náà ní 23 Road. Obìnrin tó mọ irun dì ni, ó mọ àdúrà gbà, ó sì mọ gbogbo ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ nínú ìjọ wọn bí ẹni mowó. Níyìọlá wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun fi fóònù òun sí iná jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Ó wá lọ́jọ́ Sátidé kan, ó tún wá ní Sátidé kejì, Ṣìmí ló sì ń bá níbẹ̀ tó ń dirun.

"Bọ̀dá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe gan-an?" Ṣìmí bi í.

"Mò ń gun máàsìtì. Àwọn òpó gíga tí fóònù fi ń ṣiṣẹ́ yẹn, èmi ni mo máa ń tún wọn ṣe."

"Ṣé kò sí jẹnẹrétọ̀ nídìí máàsìtì ni?"

"Ó wà. Méjì ló wà níbẹ̀."

"Ẹ wá ń wá iná wá sí ṣọ́ọ̀bù onírun?"

Níyìọlá wo ilẹ̀, ó wo òkè. "Iná kọ́ ni mò ń wá."

"Jésù!" ni Àǹtí Folúkẹ́ ké, irun tó ń dì sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ara rẹ̀ di alárinà. Kò sẹ́ni tó yàn án, kò sì sẹ́ni tó lè yọ ọ́.

Ọdún méjì ni wọ́n fi fẹ́ra wọn sọ́nà. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, Níyìọlá á lọ pàdé Ṣìmí ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, wọn á sì jọ rìn gba Fifth Avenue lọ sílé. Ibẹ̀ ni Ṣìmí ti mọ àṣírí ọkùnrin yìí. Ẹni tó ń gun òpó tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, ajá ló ń bà á lẹ́rù! Bí ajá bá ti gbó nínú ọgbà ẹnì kan, Níyìọlá á bọ́ sí òdìkejì Ṣìmí kíá, á fi í ṣe odi. Ṣìmí á rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa dùn ún. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí fóònù bá dún tí kì í bá ṣe Níyìọlá, inú á bí i sí ẹni tó pè. Wọn kò bá ara wọn sùn. Ọmọ ìjọ ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ó di ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ìyá Agboju ni kò gbà. Ìyá Níyìọlá nìyẹn. Ẹja yìnyín ló ń tà ní ọjà Agboju, ohùn rẹ̀ sì le bí ẹja náà kí yìnyín tó yọ́ lára rẹ̀. Láti apá Ọ̀ṣun ni òun àti ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ dírẹ́bà ti wá sí Èkó. Ọkọ ti kú, Níyìọlá nìkan ló kù fún un lọ́kùnrin.

"Ọmọ Festac!" ni ó ń sọ fún Àǹtí Folúkẹ́. "Ọmọ tí wọ́n bí sínú kílóòsì, tó dàgbà sínú kílóòsì. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe tọ́ ọ? Àwọn ọmọ Èkó yìí, ara wọn gbóná jù. N ò fẹ́ ìyàwó tó máa máa wo ojú fèrèsé bí ọkọ ẹ̀ bá lọ ibi iṣẹ́."

Alárinà lọ, alárinà bọ̀. Nígbà tó yá, Ìyá Agboju ní kí wọ́n mú ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ wá jẹun nílé òun lẹ́yìn ọjà. Wọ́n lọ. Wọn kò tíì gbé oúnjẹ wá tí Ìyá Agboju fi pe Àǹtí Folúkẹ́ sí kọ̀rọ̀, tó sọ nǹkan kan sí i létí. Àǹtí Folúkẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí etí Mọ́mì Ṣìmí. Ṣìmí rí i tí ìyá rẹ̀ wolẹ̀, tó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kíá ni ojú Ìyá Agboju là.

"Ó tán," ó wí. "Ọmọ wa ni. Ẹ gbé oúnjẹ wá."

Ṣìmí rò pé wọ́n ń bèèrè bóyá àìsàn kan wà nínú ìdílé wọn ni. Kò ráyè rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí oúnjẹ dé, ìgbín ló sì kún inú ọbẹ̀. Òógùn bo Mọ́mì Ṣìmí. Ó dìde, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, òun fẹ́ gba atẹ́gùn, ó sì dúró síta títí wọ́n fi jẹun tán.

"Ìgbín ni o, kì í ṣe ejò!" Ìyá Agboju ń rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ rí ọ̀nà gbà lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọmọ sì fò fáyọ̀.

Wọ́n ṣègbéyàwó ní 2005, wọ́n gba fúláàtì kékeré kan ní 22 Road. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, Ṣìmí kò rí ẹni sọ ọ́ fún. Wọ́n ti sọ fún un pé yóò dùn ún díẹ̀, pé á kọjá. Èyí kò kọjá. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi iná sí i lára, ọ̀nà kò sì ṣí rárá. Ó ké. Níyìọlá fò sẹ́yìn.

"Ṣé mo ṣe ẹ́ léṣe ni?"

"Rárá. Mi ò mọ̀. Má bínú."

"Ta ló ń bínú? A ò sáré. Ọ̀la ń bọ̀."

Ọ̀la dé, ọ̀túnla dé, oṣù ń gorí oṣù, bákan náà ni. Ohun tó ń ba Ṣìmí lẹ́rù ju ìrora lọ ni pé bí ọkọ rẹ̀ bá fọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti lọ́kọ máa ń sọ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀, òun kò mọ nǹkan kan lára níbẹ̀. Ó ń fẹ́ ọkọ rẹ̀ tọkàntọkàn, ara rẹ̀ ni kò dá a lóhùn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ibùsùn tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tó gbọ́ kọ́kọ́rọ́ Níyìọlá lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ á tutù. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ tún wà níbẹ̀. Láti kékeré ló ti máa ń pẹ́ bí ó bá fẹ́ tọ̀, tí yóò máa ta á, àmọ́ ó rò pé bí gbogbo obìnrin ṣe rí nìyẹn.

Nígbà tí ọdún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, Ìyá Agboju bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn rẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Ṣìmí gba ilé ìyá rẹ̀ lọ, ó sunkún, ó sọ gbogbo rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́." Mọ́mì rẹ̀ mú aṣọ ìnuwọ́ kan, ó ká a, ó tún tú u. "Lọ bá Àǹtí Folúkẹ́. Kó fi àdúrà sí i." Kò wo ojú ọmọ rẹ̀ nígbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Folúkẹ́ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì mú un lọ́wọ́ méjèèjì.

"Ṣé o máa ń rí ọkùnrin lójú àlá?"

"Mo rí ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, Àǹtí. Mi ò rí ojú ẹ̀. Ó kàn jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn wa."

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ọkọ ọ̀run nìyẹn, Ṣìmí. O ò rí i pé ẹnu ilẹ̀kùn ló jókòó sí? Òun ló ti ibẹ̀ pa."

"Kí ló máa wá ṣe?"

"Wọ́n máa ń jowú. Bí ọkọ ayé bá ta kú, òun ni wọ́n á mú lọ."

Ẹ má fi Àǹtí Folúkẹ́ rẹ́rìn-ín o. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló fi wo ọ̀rọ̀ náà, ìfẹ́ ló sì fi bá Ṣìmí gbààwẹ̀ títí ẹnu òun náà fi bó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn wọ Ṣìmí lára. Ṣé òun ni yóò pa Níyìọlá? Bí ọkọ rẹ̀ bá jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, àyà rẹ̀ á máa já títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ á máa ka á-bí-dí fún un, òpó ni yóò máa rí níwájú rẹ̀, àti ọkùnrin kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ó kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí pálọ̀, ó ń sùn níbẹ̀. Bí òun bá jìnnà sí i, bóyá ẹ̀mí náà á gbàgbé rẹ̀. Níyìọlá bèèrè ìdí, kò rí ìdáhùn gidi kan gbà.

Fóònù dún lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ nílé ìwé. Ẹni tó pè é kò lo ọ̀rọ̀ púpọ̀. Níyìọlá ti já bọ́ láti ara máàsìtì kan nítòsí Mile 2, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Amuwo-Odofin. Ṣìmí kò rántí bó ṣe dé ibẹ̀. Kò tíì gòkè jìnnà nígbà tó já bọ́, apá rẹ̀ ló kán, orí rẹ̀ sì wú, àmọ́ ó wà láàyè. Ìyá Agboju ti dé kó tó dé, ó mú Ṣìmí lọ sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí kò sẹ́nì kankan.

"Folúkẹ́ ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi," ó wí. Ohùn tó le yẹn ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Èmi ò bá ẹ jà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan ló kù fún mi, Ṣìmí. Wò ó, mo kúnlẹ̀. Fi í sílẹ̀, kó má bàa kú."

Ìyá ọkọ kúnlẹ̀ fún ìyàwó ilé! Ṣìmí wó lulẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ dìde mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Mo ti gbọ́. Màá lọ."

Ọjọ́ tí wọ́n dá Níyìọlá sílẹ̀, ó bá báàgì ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó jókòó lé e lórí, pẹ̀lú apá tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun dì.

"Níbo lò ń lọ?"

"Níyì, jẹ́ kí n lọ. Ó fẹ́ pa ẹ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀."

"Ta ni?"

Ṣìmí sọ fún un. Níyìọlá gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀.

"Ṣìmí, okùn ni mi ò so. Bẹ́líìtì ààbò tí a máa ń fi há ara òpó, èmi fúnra mi ni mo gbàgbé ẹ̀. Ṣé o fẹ́ mọ ìdí ẹ̀? Torí pé mi ò sùn. Ìyàwó mi ń sùn ní pálọ̀, mò ń gbọ́ ẹkún ẹ̀ láti yàrá, mi ò sì mọ nǹkan tí mo ṣe."

"O ò ṣe nǹkan kan."

"Bí ajá bá gbó, ẹ̀gbẹ́ ẹ ni mo máa ń sá sí. Ìwọ náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan yìí. Mo ti bi wọ́n ní ọsibítù yẹn, wọ́n ní dókítà obìnrin kan wà níbẹ̀. Bó bá yẹ̀ ọ́ wò tí kò rí nǹkan kan, màá bá ẹ gbé báàgì yìí fúnra mi."

Dókítà Toyibat lọ́jọ́ lórí díẹ̀ ju Ṣìmí lọ, ìbòrí dúdú ló wé, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó yẹ Ṣìmí wò, kò pẹ́ rárá. Ó fi aṣọ bò ó.

"Àbúrò mi, ọmọ ọdún mélòó lo wà nígbà tí wọ́n dá abẹ́ fún ẹ?"

"Èmi? Kò sẹ́ni tó dá abẹ́ fún mi rí, Dókítà."

Dókítà mú dígí kékeré kan jáde látinú àpótí, ó fi lé e lọ́wọ́. Ṣìmí kò wo ara rẹ̀ níbẹ̀ rí láyé rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé ọmọlúàbí kì í wò ó. Dókítà ló bá a di dígí náà mú.

"Ẹran kékeré kan wà tí Ọlọ́run dá mọ́ gbogbo obìnrin, ibẹ̀ ni adùn wà. Wọ́n ti gé tìẹ. Wọ́n gé nínú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú. Nígbà tí egbò náà ń jinná, etí ẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, ó sì bo ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi ń pẹ́ kó tó jáde, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn ẹ́."

"Wọ́n ní ọkọ ọ̀run ni."

"Ọwọ́ ènìyàn ló ṣe èyí."

Ẹ̀rù ọkọ ọ̀run kúrò lára Ṣìmí, òmíràn sì jókòó sí àyè rẹ̀. "Ṣé ó ṣeé tún ṣe?"

"Èyí tó lẹ̀ mọ́ra, a lè ṣí i. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni, ìrora á sì dínkù díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọ́n gé, mi ò ní purọ́ fún ẹ, mi ò lè dá a padà. Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni ara obìnrin mọ. Ọ̀pọ̀ tó rí bíi tìẹ ló padà rí adùn, bí ọkọ wọn bá ní sùúrù. Ẹ̀rù ló máa ń pẹ́ jù kó tó lọ."

Níyìọlá dúró dè é níta. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fi apá rẹ̀ kan tí kò kán gbá a mọ́ra lójú gbogbo ènìyàn, ojú kò sì tì í.

Ṣìmí gba ilé ìyá rẹ̀ lọ. Mọ́mì ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ.

"Mọ́mì, ta ló dá abẹ́ fún mi?"

Ọwọ́ ìyá dúró lórí ẹ̀wà.

"Ọjọ́ kẹjọ," ó wí. "Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ẹ. Ìyá bàbá ẹ ló mú olóólà wá. Wọ́n ní bí a ò bá dá a, ìṣekúṣe lo máa máa ṣe. Wọ́n ní bí o bá ń bímọ, tí orí ọmọ kàn án, ọmọ á kú. Wọ́n dá a fún èmi náà, Ṣìmísọ́lá. Mo rò pé ohun tí à ń ṣe fún ọmọ tí a bá fẹ́ràn nìyẹn." Ó gbé àtẹ sílẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Wọ́n ń fọ́ ìgbín, wọ́n ń kán omi ẹ̀ sójú egbò, torí wọ́n ní ó máa ń tu egbò lára. Ìgbín tán nínú agbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ò dá. O ké títí ohùn fi tán lọ́fun ẹ. Mo gbé ẹ lé itan, mò ń wo ẹnu ẹ tó ń ṣí, tí kò sí ohùn tó ń jáde. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti rí ìgbín, ẹnu ẹ yẹn ni mò ń rí."

"Ọjọ́ tí Ìyá Agboju rán Àǹtí Folúkẹ́ sí yín létí ńkọ́?"

"Ohun tó bèèrè nìyẹn. Pé ṣé wọ́n ti dá abẹ́ ọmọ náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ̀! Ṣìmí gbé ohùn sókè. "Ẹ mọ̀, ẹ sì jókòó, ẹ ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè mí ní aya ẹ̀mí? Ẹ jẹ́ kí n máa gbààwẹ̀? Níyì ì bá kú, Mọ́mì, màá sì gbà pé èmi ni mo pa á!"

"Ojú ló ń tì mí." Omijé ń ṣàn lójú ìyá, kò nù ún. "Mò ń gbàdúrà pé kó jẹ́ ẹ̀mí lóòótọ́. Kó má jẹ́ èmi."

Ṣìmí kò lè fọwọ́ kàn án. Ó kúrò níbẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti yíjú padà. "Ìyá Agboju ń bọ̀ wá sílé wa lọ́jọ́ Ìsinmi, torí mi ò tíì lọ bí mo ṣe ṣèlérí. Bí èmi bá sọ ọ́, wọn ò ní gbà. Ẹ wá sọ ọ́."

Ọjọ́ Ìsinmi pé, Ìyá Agboju dé, Àǹtí Folúkẹ́ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìgò òróró ìtasórí lọ́wọ́. Mọ́mì Ṣìmí kò tíì dé. Ṣìmí ń wo ilẹ̀kùn. Bí ìyá rẹ̀ kò bá wá ńkọ́? Bó bá wá, tó tún dákẹ́ ńkọ́? Níyìọlá sọ ohun tí Dókítà sọ. Ìyá Agboju mi orí pé rárá.

"Dókítà mọ ti ara, kò mọ ti ẹ̀mí. Gbogbo wa níbí ni wọ́n dá abẹ́ fún. Kí ló dé tí tiwa ò tì?"

Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tí Mọ́mì Ṣìmí fi wọlé. Kò jókòó.

"Ìyá Níyì, kò sí ọkọ ọ̀run kankan. Èmi ni." Ó sì sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, ti olóólà, ti ẹ̀jẹ̀, ti ìgbín, títí dé orí ẹnu tí kò ní ohùn. Kò dánu dúró. "Ẹ̀yin náà, ẹ bi ara yín. Wọ́n ní kí ó lè jẹ́ obìnrin rere ni. Ṣé ó dùn mọ́ yín rí?"

Níyìọlá dìde jẹ́jẹ́, ó bọ́ síta, nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí, ọmọkùnrin kì í gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ìyá Agboju wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, tí yìnyín ti bó.

"Ó fẹ́ràn mi o, bàbá Níyì," ó wí. "Kò nà mí rí. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, tí mo gbọ́ pé ọkọ̀ ẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ mi á tutù. Mo rò pé bí gbogbo obìnrin ṣe rí nìyẹn. Títí tó fi kú, mo rò pé bí gbogbo wa ṣe rí nìyẹn."

Àǹtí Folúkẹ́ dé ìgò òróró, ó fi í sínú báàgì rẹ̀. "Èmi ni mo gbé ìbéèrè yẹn láti etí kan sí èkejì," ó wí. "Mo tún fi ọkọ ọ̀run lé ẹ lórí, Ṣìmí. Dárí jì mí." Ìyá Agboju dìde, ó lọ síbi báàgì Ṣìmí tó ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbé e padà sí yàrá.

Dókítà Toyibat ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ẹ̀rù kò lọ lọ́jọ́ kan, bó ṣe sọ ọ́ ló rí. Nígbà mìíràn ara Ṣìmí á gan lójijì láìsí ìdí, Níyìọlá á sì fa ọwọ́ sẹ́yìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ajá kan tó lé e lọ́jọ́ náà, títí yóò fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó yá, Ṣìmí bá a sùn láìsí ẹkún, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu nígbà tó di pé òun ló ń kọ́kọ́ na ọwọ́ sí i. Ti ìyá rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kí Ṣìmí tó lè jẹun nílé rẹ̀.

Ní 2008, ó bí ọmọbìnrin kan.

Ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ láàárọ̀, àlejò sì tú ká, àwọn ìyá méjèèjì nìkan ló kù ní pálọ̀. Ṣìmí wà ní yàrá tó fẹ́ fún ọmọ lọ́mú nígbà tó gbọ́ ohùn arúgbó kan lẹ́nu ilẹ̀kùn pálọ̀. Àbúrò bàbá Níyìọlá obìnrin ni, láti ìlú wọn ló ti gbọ̀nà wá. Ó gbé agbọ̀n lọ́wọ́. Ṣìmí yọjú, ó rí ìgbín tó ń rá nínú agbọ̀n náà, ó sì rí aṣọ kékeré kan tí wọ́n ká mọ́ nǹkan tín-ín-rín bí abẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó di ọmọ rẹ̀ mú mọ́ àyà.

"Mo wá ṣe iṣẹ́ ọmọ," ni arúgbó náà wí.

Ìyá Agboju ti dìde. Ó dí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí yàrá. "Ta ló rán yín níṣẹ́, mà?"

"Ta ló ń ránni? Ṣebí bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe ti ìwọ náà—"

"Mo mọ̀. Mi ò gbàgbé." Ohùn ẹja yìnyín náà ti padà dé. Ó yọ aṣọ tí wọ́n ká náà, ó fi í lé ìyá arúgbó lọ́wọ́, ó sì gba agbọ̀n. "Ẹ jókòó, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ ó jẹun. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní kọjá mi dé ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn lónìí, tàbí lọ́jọ́ mìíràn." Ó gbé ìgbín lọ sí ilé ìdáná, ó gé e, ó fi ata àti epo sè é.

Ó gbé àwo kan síwájú Mọ́mì Ṣìmí. Mọ́mì Ṣìmí wo ìgbín náà, òógùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú orí rẹ̀ bíi ti ọjọ́sí. Ìgbà náà ni ebi mú ọmọ. Ó la ẹnu, ó sì ké. Ohùn rẹ̀ gba gbogbo fúláàtì kan, ó gba fèrèsé jáde sí 22 Road. Ṣìmí sáré tú bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ kó lè fún un lọ́mú.

"Dúró ná, Ṣìmísọ́lá," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó ti mú ẹyọ ìgbín kan lọ́wọ́, omijé ń kán sínú àwo. "Jẹ́ kó ké díẹ̀ sí i. Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."